Ìgò Mínírà Tó Ń Léfòó

Ìgò mínírà tó kún kò bà mí lẹ́rù rí. Èyí tó ṣófo ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Bí mo bá rí i lẹ́bàá ọ̀nà, tí ìdérí rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, n ó bẹ̀rẹ̀, n ó ṣí ìdérí náà, n ó sọ ọ́ sí apá kan, n ó sọ ìgò sí apá kejì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì tó ń kọjá lórí ọ̀kadà ní Adankolo, àdúgbò wa ní Lokoja, rò pé ike ni mò ń ṣà tà. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ní kí ọlọ́kadà dúró, ó na ìgò tirẹ̀ sí mi, ó ní kí Ọlọ́run bù sí i fún bàbá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe lọ tán, mo ṣí ìdérí yẹn náà.

Télọ̀ ni mí. Aṣọ ilé-ìwé ni mo ń rán jù. Mo jáde girama, owó àtilọ síwájú kò sí, mo bá kọ́ṣẹ́, iṣẹ́ náà sì bá mi lára mu, nítorí n kò fẹ́ràn ohun tí a fi ojú bù. Ohun tí mo bá fi téèpù wọ̀n ni mo ń gbà gbọ́. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni ìyàwó mi gbé fíríjì rẹ̀ sí, tó ń ta mínírà tútù. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni a bí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e lé mi lọ́wọ́ ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́: ọ̀kadà, ejò inú koríko, wáyà iná tó já, kànga tí wọn kò bò. Ìyàwó mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá ní kí n ṣọ́ ẹyin kan ṣoṣo, n ó gbá a mọ́ àyà títí yóò fi fọ́.

Ọ̀rọ̀ mínírà ti pẹ́ nílé wa. Ìyá mi ló kọ́kọ́ tà á. Láti ìlú kan ní Ìjùmú ni òun àti bàbá mi ti ṣí wá sí Lokoja nígbà tí bàbá mi ríṣẹ́ ìjọba. Bí àwọn ará ilé bá wá kí wa, a ó ti gbọ́ “Òkun o”, ìkíni ilé wa, láti ìta kí a tó rí ẹni tó ń bọ̀, ìyá mi á sì ti nawọ́ sí ìgò kan kí àlejò tó jókòó. Ẹ̀gbẹ́ gbàgede Paparanda láàárín ìlú ló pàtẹ sí. Oríṣiríṣi ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló ń tà, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń béèrè jù ni èyí dúdú, tí kò sí ìlú tí wọn kò ti mọ orúkọ rẹ̀. Mínírà dúdú ni àwa ń pè é nílé, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó sì máa pè é.

Inú ìgò gíláàsì tó nípọn ló máa ń wà nígbà náà. Ọkọ̀ ńlá ló ń kó o wá nínú kiréètì, a ó sì ti gbọ́ bí àwọn ìgò ṣe ń ta kora wọn kí ọkọ̀ náà tó yọ. Ẹni tó bá rà á yóò dúró níwájú ìyá mi, yóò mu ún tán, yóò dá ìgò padà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ sílé gbọ́dọ̀ mú ìgò òfìfo tirẹ̀ wá ṣe pàṣípààrọ̀. Nítorí náà ìgò òfìfo níyì. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Àlejò á ti jókòó sí pálọ̀, onílé á ṣì máa sáré láti ojúlé dé ojúlé, á máa wá ìgò yá. Ẹni tó bá fọ́ ìgò ìyá mi, bó jẹ́ àbúrò rẹ̀ ni, yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ títí ọdún yóò fi yí po.

Ìyá mi ní ìtàn tirẹ̀ nípa ibi tí mínírà yìí ti ṣẹ̀. Ó ní obì wa ni. Pé àwọn òyìnbó tó fi ọkọ̀ gba orí odò wá ló ra obì, wọ́n lọ fi ṣúgà àti omi pò ó, wọ́n sì gbé e padà wá tà fún wa. Mo máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé girama, tíṣà wa kan sọ fún wa pé apòògùn kan ní Amẹ́ríkà ló po irú ọtí yìí, pé oògùn orí fífọ́ ni wọ́n pè é níbẹ̀rẹ̀, àti pé obì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ara rẹ̀ ni wọ́n sì ti mú orúkọ rẹ̀. Mo sáré wá sọ fún ìyá mi. Kò gbójú sókè níbi tó ti ń to ìgò.

“Ó dìgbà tí tíṣà sọ ọ́ kó tó wọ̀ ọ́ létí,” ni ó wí. “Lọ bá mi gbé kiréètì yẹn wọlé.”

Òun náà gbà pé oògùn ni. Bí inú bá ń run ènìyàn, ìyá mi á bu iyọ̀ díẹ̀ sínú rẹ̀, á máa hó, ẹni náà á gbé e mu, á gùfẹ̀, á ní ara ti fúyẹ́.

Ohun kan wà nípa ìgò gíláàsì yẹn tí n kò rò kàn rí títí mo fi di bàbá ọmọ. Ó ń rì. Ìdérí onírin rẹ̀ kò ṣeé dé padà. Bó bá bọ́ sódò láti inú ọkọ̀ ojú omi, omi á gba ẹnu rẹ̀ wọlé, ó di ìsàlẹ̀ odò, olówó rẹ̀ á kawọ́ lérí. Ní Lokoja yìí, níbi tí Odò Ọya àti Benue ti pàdé, n kò gbọ́ láyé ìyá mi pé ọmọ kankan gbé ìgò mínírà wọ omi.

Ti inú agolo dé lẹ́yìn èyí, ṣùgbọ́n àwọn olówó ló ń mu ún. Ọdún tí mo gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi ni mo kọ́kọ́ rí ti inú ike lọ́pọ̀ yanturu. Ó fúyẹ́, kì í fọ́, ìdérí rẹ̀ sì ṣeé lọ́ padà mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyá mi gbé ọ̀kan sókè, ó yí i wò síwá sẹ́yìn, ó béèrè ta ni yóò dá a padà. Ọkùnrin tó ń já ọjà fún un ní kò sẹ́ni tí yóò dá a padà. Bí wọ́n bá ti mu ún tán, ó parí. Ìyá mi ní ohun tí kò bá ní ibi tí yóò padà sí, ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn ni yóò máa kọ́. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn kiréètì rẹ̀ di àga, lẹ́yìn náà wọ́n di ilé adìyẹ. Ike kún ojú títì, ó kún inú gọ́tà.

Wọ́n rí nǹkan fi ṣe o. Àwọn àgbẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀ ń fi í gbé omi lọ sóko, wọ́n sì ń rọ oyin sínú rẹ̀ wá sọ́jà. Àwọn apẹja Núpé ń so ó mọ́ etí àwọ̀n kí àwọ̀n má baà rì. Lára àwọn apẹja yìí ni mo rò pé àwọn ọmọdé ti kọ́ ọ. Bí òjò bá fẹ́ parí lọ́dún, tí omi òkè bá ya dé, tó wọ àwọn títì ìsàlẹ̀ Adankolo, àwọn ọmọ á ṣa ìgò ike tó ní ìdérí, wọ́n á fi okùn so wọ́n pọ̀, wọ́n á dì wọ́n mọ́ àyà, wọ́n á sì fò sínú omi. Jákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Àwọn òbí mìíràn ń wò wọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìgò ló ń gbé wọn, pé ọmọ tó wọ jákẹ́ẹ̀tì kò lè rì.

Lọ́dún kan, omi gbé ọmọkùnrin kan lọ ní títì tó tẹ̀ lé tiwa. Wọ́n rí jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lápá ibi tí wọ́n ní wọ́n ń kọ́ èbúté ọkọ̀ sí, okùn rẹ̀ ṣì wà ní dídì bí ó ti dì í. Èmi ni mo rán aṣọ ilé-ìwé rẹ̀. Ó wà lórí ìkọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo ti lọ̀ ọ́. Bàbá rẹ̀ kò wá gbà á, èmi náà kò sì mọ bí ènìyàn ṣe ń gbé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ni ín. Ọmọbìnrin mi sì ń dàgbà lábẹ́ aṣọ yẹn, ó ń ṣeré lórí ẹ̀rọ mi, ó ń béèrè ìgbà tí òun náà yóò lọ wo omi.

Nígbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gún ìgò; kò tíì wá sí mi lọ́kàn pé kí n kàn ṣí ìdérí wọn sọnù. Àwọn tí ìyàwó mi ń tà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń mu tán tí wọ́n ń fi sílẹ̀, ni mo ń kó jọ ní ìrọ̀lẹ́. Mo máa ń mú abẹ́rẹ́ tí a fi ń rán àpò, n ó yan án lójú iná àbẹ́là, n ó sì fi gún ìdí ìgò kọ̀ọ̀kan ní ojú kan. Ìyàwó mi béèrè ìdí tí n kò fi kúkú gé wọn sí méjì. Mo ní etí ike tí a gé mú bí abẹ, ọmọ tó bá ń ṣa nǹkan lórí ààtàn lè fi gé ọwọ́. Ó wò mí. Ó ní bí òun ṣe mọ̀ mí tó, ìyẹn kò yẹ kó ya òun lẹ́nu.

Mo fi ọ̀kan dánwò kó lè dá mi lójú. Mo dé ìdérí rẹ̀ pinpin, mo tì í bọ inú bàsíà omi. Nígbà tí mo kàn dì í mú jẹ́ẹ́, omi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fún un lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ gba ojú ihò náà tú jáde, bí mo sì ti dẹwọ́, omi ni ìgò fà sínú. Mo fún un, mo dẹwọ́, mo fún un, mo dẹwọ́, ó sì rì. Inú mi dùn. Mo ní kò sí ọmọ tí yóò tún fi èyí ṣe jákẹ́ẹ̀tì, torí mo rò pé ẹnikẹ́ni tó bá gbé e yóò rí ihò náà. Ihò abẹ́rẹ́ ni, ní ìsàlẹ̀ ike tó ti họ, tó ti dọ̀tí. Èmi tí mo gún un gan-an máa ń yí i sí ìmọ́lẹ̀ kí n tó rí i.

Ọ̀rọ̀ náà di yẹ̀yẹ́ ládùúgbò. Ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ kan wà tó máa ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi bí èrò kò bá sí. Òun ló sọ mí ní Agúngò. Ó ní, “Télọ̀, kí ni ike fi ṣe ọ́? Ṣé ó jẹ bàbá rẹ lówó ni?” Àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, n ó sì máa gún un lọ. Ẹ̀yìn ilé ni mo ń dà wọ́n sí lórí òkìtì ààtàn, ibi tí a ti máa ń dáná sun wọ́n bí wọ́n bá pọ̀.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òkìtì náà kò ṣeé sun. Òjò kò jẹ́ kó gbẹ, nígbà tó yá, omi odò bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó gba títì ìsàlẹ̀, ó gba gọ́tà ńlá, ó bo pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn wa títí tó fi jẹ́ pé orí igi máńgòrò àárín pápá àti orí fẹ́ǹsì nìkan ló yọ. Ilé-ìwé tì. Àwọn kan kó lọ sọ́dọ̀ ẹbí wọn lókè. Àtẹ̀gùn wa ni omi dé tó dúró. Mo ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ògiri láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kí n lè mọ̀ bóyá ó ń wọlé bọ̀ tàbí ó ń padà lọ. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké ń gbé ènìyàn kọjá níbi tí kẹ̀kẹ́ ti ń gbà tẹ́lẹ̀. Mo kìlọ̀ fún ọmọ mi pé kò gbọdọ̀ kọjá ojú àtẹ̀gùn, àfi bó bá gba apá òkè jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé ègé aṣọ tí mo gé kù lọ dà sẹ́yìn ilé. Òkìtì ike ti rẹlẹ̀. Mo rò pé omi ló gbé e lọ, ṣùgbọ́n omi kò tíì débẹ̀. Mo wo ilẹ̀, mo rí ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé nínú ẹrẹ̀. Àwọn ìgò tí kò ní ìdérí ni wọ́n fi sílẹ̀.

Mo béèrè lọ́wọ́ ìyàwó mi. Ó ní àwọn ọmọ àdúgbò ló wá láàárọ̀, wọ́n kúnlẹ̀ kí òun dáadáa, wọ́n ní àwọn fẹ́ ike díẹ̀, òun sì ní kí wọ́n kó èyí tó bá wù wọ́n, ẹ̀fọn ti pọ̀ jù níbẹ̀. Mo ní ọmọ wa ńkọ́? Ó ní ó ti lọ dirun lókè. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ onídìrí. Ó ní òun kò rí i láti àárọ̀.

Mo padà tọ ipasẹ̀ inú ẹrẹ̀ yẹn, n kò sì lè sọ bí mo ṣe dé ẹ̀yìn ilé-ìwé náà. Ohun tí mo rántí ni pé mo ń gbìyànjú láti ṣe ìṣirò. Mo mọ iye yáàdì tí yóò wọ ọmọ tí mo bá fi ojú rí, ṣùgbọ́n n kò mọ bí ìgò tí mo gún ṣe ń pẹ́ tó kí ó tó kún. Nínú bàsíà, èmi ni mo ń fún un. Ta ni yóò máa fún un nínú odò?

Àwọn ọmọdé jókòó sórí fẹ́ǹsì ilé-ìwé, ìgò ní àyà oníkálukú wọn. Eré tí wọ́n ń ṣe ni kí ènìyàn lọ fọwọ́ kan igi máńgòrò, kó sì padà. Ọmọ mi ti fọwọ́ kan igi náà, ó ti ń bọ̀. Ó wà ní agbedeméjì, irun rẹ̀ kò tíì dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta omi. Tẹ́ẹ̀rẹ́ aṣọ ilé-ìwé tí mo gé sọnù ni ó fi so àwọn ìgò náà mọ́ àyà, aláwọ̀ búlúù. Mo dá a mọ̀ láti òkèèrè. Gọ́tà ńlá wà láàárín èmi àti òun lábẹ́ omi, ó jìn ju orí mi lọ, n kò sì mọ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́. Mo rìn wọ omi títí mo fi mọ etí gọ́tà náà lára lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Omi dé àyà mi. Mo dúró.

Mo ya ẹnu láti kígbe pè é, ni mo bá rí ohun tó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó ti rí mi. Ẹ̀rù ẹgba ti bà á, ó sì ti gbá àwọn ìgò náà mọ́ra pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Afẹ́fẹ́ ń hó yọ lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Bó ṣe ń mí, ọwọ́ rẹ̀ ń dẹ̀, ó ń fún un, ó ń dẹ̀. Èjìká rẹ̀ tó wà lókè omi tẹ́lẹ̀ ti wọlé.

Bí mo bá pariwo, yóò fún un sí i.

Láyé mi, gbogbo ìgbà tí ẹ̀rù bá bà mí ni mo máa ń pariwo. Ìyẹn ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo wá ohùn tí mo fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, èyí tí mo ń lò fún ọmọ kékeré tí kò fẹ́ dúró jẹ́ẹ́ kí n wọ̀n ọ́n, mo sì fi kí i.

“O kú eré o.”

Ó ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́.”

“N kò sọ nǹkan kan. Tú ọwọ́ rẹ sílẹ̀. Na apá méjèèjì, bí ìgbà tí mo bá fẹ́ wọ̀n ọ́.”

Kò tú u. Ó béèrè bóyá n ó na òun. Mo ní, “Ta ló ń na ẹni tí wọ́n ń wọ̀n? Na apá. Gbé àgbọ̀n sókè, máa wo òkè, kí n lè rí ọrùn rẹ.”

Láti kékeré ló ti máa ń dúró bẹ́ẹ̀ níwájú mi ní ṣọ́ọ̀bù. Apá rẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ náà ju etí rẹ̀ lọ. Ó nà wọ́n, ó gbé ojú sókè, àyà rẹ̀ sì léfòó díẹ̀. Híhó náà dáwọ́ dúró. Mo ń sọ̀rọ̀ lọ, mo ń sọ iye tí apá rẹ̀ gùn, iye tí èjìká rẹ̀ fẹ̀, mo ní ó ti ga ju ti àmọ́dún lọ. Mo ṣì í sọ, ọdún tó kọjá ni mo fẹ́ wí. Ó tún un ṣe fún mi láti inú omi. Omi ti dé etí rẹ̀.

Ìyá Núpé kan ń fi ọkọ̀ gbé èrò kọjá létí ilé-ìwé. Mo gbé ọwọ́ sókè sí i, n kò pè é. Ó wò mí, ó wo ọmọ náà, ó sì ti ọkọ̀ rẹ̀ bọ̀ láìpariwo, bí ẹni tó fẹ́ mú ẹyẹ. Ó na ọwọ́ kan, ó di aṣọ ọmọ mi mú lẹ́yìn ọrùn, ó fà á sókè sínú ọkọ̀. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn ara mi. Mo ti ń kígbe, n kò sì mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀.

Ìyá náà tú tẹ́ẹ̀rẹ́ aṣọ, ó gbé àwọn ìgò náà sókè. Omi ti kọjá ìdajì nínú wọn, ó sì ń ṣẹ́ jáde ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ìtọ̀ ọmọ ìkókó. Ó fi àtàǹpàkò di ojú ihò kan, ó ṣí i, ó wò ó.

“Kai. Ta ló gún èyí?”

Mo ní èmi ni. Ó ní kí ló dé tí ènìyàn á fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ọmọ mi má baà wọ omi ni. Ó wo ọmọ náà níwájú rẹ̀ nínú ọkọ̀, tí omi ń ro lára rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo wo orí fẹ́ǹsì. Ìgò mi ló wà ní àyà gbogbo wọn. Mo ní kí wọ́n tú u, wọ́n tú u. Ọ̀kan nínú wọn wá sọ pé àwọn kan ti kó tiwọn lọ sí títì ìsàlẹ̀ láti àárọ̀.

Ìyàwó mi ti dé létí omi. Mo fa ọmọ lé e lọ́wọ́, àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀, mo wọ ọkọ̀ ìyá Núpé, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ibi tí mo bá ti rí ọmọ, ibẹ̀ ni mo ti ń sọ pé ìgò Télọ̀ ti lu, kí wọ́n kó o fún mi. Àwọn àgbàlagbà tó ń wo ìta láti ojú fèrèsé òkè ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Mo ní èmi ni mo gún un. Bàbá ọmọ tó kú yẹn wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, omi dé orúnkún rẹ̀, ó ń da omi inú ilé rẹ̀ síta. Ó gbọ́ mi dé ìparí. Ó ní kò sí ìgò nílé òun. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó ń da omi rẹ̀ lọ.

A kó ìgò títí inú ọkọ̀ fi kún. Kò sí ọmọ tó kú lọ́jọ́ náà, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo béèrè lọ́wọ́ ara mi iye tí mo ti gún láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, n kò lè dáhùn, èmi tí mo mọ ìwọ̀n gbogbo nǹkan. Èyí tí omi ti gbé kúrò lórí ààtàn lọ́dún tó kọjá ńkọ́? Odò kì í dúró sí Lokoja. Ó ń lọ sí Ìdàh, ó ń lọ sí òkun, àwọn ọmọdé sì wà létí rẹ̀ dé ìparí.

Nílé, ìyàwó mi ti fi aṣọ wé ọmọ. Ó ti bá a wí pé ó purọ́ ibi tó ń lọ, pé kò sì sọ pé òun kó ike. Ó wá yíjú sí mi.

“Dádì wọn,” ni ó wí, “ẹ̀rù yín yìí, ẹ̀yin nìkan ló ń tù lára.”

Mo wò ó pé òtítọ́ ni, ó sì dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo rò pé ìbẹ̀rù ọjọ́ náà yóò mú àwọn ọmọ kúrò nínú omi. Lọ́jọ́ kejì, láti ojú fèrèsé, mo rí wọn tí wọ́n tún jókòó sórí fẹ́ǹsì náà. Ọmọ oníkẹ̀kẹ́ ló ṣàlàyé fún mi pé kí n má ṣèyọnu, pé àwọn kò mú ti Télọ̀ mọ́, pé ṣọ́ọ̀bù kejì ni àwọn ti ń gba ìgò tó dára. Ọmọ mi wà nínú yàrá, ó ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé kejì. N kò lè so ó mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ mi títí omi yóò fi lọ, omi á sì tún wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, tí iyanrìn yọ létí odò, mo lọ bá ìyá Núpé náà níbi tó ti ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Mo bẹ̀ ẹ́ kó kọ́ ọmọ mi ní ìwẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní télọ̀ ń wá ẹni tí yóò bá òun rán ọmọ. Lẹ́yìn náà ó gbà, ó ní ohun méjì ni òun fẹ́.

“Kò gbọdọ̀ sí ìgò. Ìwọ náà á sì wọ omi.”

Mo ní èmi ti dàgbà kọjá ìyẹn, pé etí odò ni n ó dúró sí, n ó máa ṣọ́ wọn. Ó ní ẹni tó dúró sí etí odò, tí ẹ̀rù ń bà, ojú rẹ̀ ni ọmọ yóò máa wò dípò omi. Ọmọ mi ti bọ́ bàtà. Ó dúró nínú omi tó dé ìbàdí rẹ̀, ó na apá méjèèjì, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó ń retí mi.

Mo ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi sókè, bí ẹni pé ìyẹn lè ràn mí lọ́wọ́. Omi náà tutù ju bí mo ti rò lọ. Iyanrìn ń yọ́ kúrò lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi díẹ̀díẹ̀, bí mo bá sì gbé ẹsẹ̀ kan, n kò mọ ohun tí èkejì yóò tẹ̀. Mo gbé e.